Ìtumọ̀ Arosomi

Ẹ bá mi wo Abíọ́nà Fálẹ́yẹ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Dún Laoghaire, létí òkun, sí àárín ìlú Dublin. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, òjò ń wẹ fèrèsé, ìwé Rọ́ṣíà kan wà lórí itan rẹ̀, bírò wà láàárín eyín rẹ̀, ó sì ń dá sọ̀rọ̀. "Shtukovina," ó wí. Ó ronú díẹ̀. "Shtukovina." Ọkùnrin tó jókòó tì í rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dijú bí ẹni tó ń sùn. N kò bá ọkùnrin náà wí o. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tó wọ kóòtù gidi, tó wá ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀ lédè tí kò yé ẹnikẹ́ni, ta ni kò ní sún fún un?

Kò sí nǹkan tó ṣe é. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Kẹ́mísì kan nítòsí Parnell Street ló ti ń ta oògùn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Wándé ọkọ rẹ̀ ti kú, ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ló ti ń túmọ̀ ìwé Rọ́ṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ àti nídìí tábìlì ìdáná, torí ilé tó bá dákẹ́ jù kì í jẹ́ kó gbádùn. Ọdún mẹ́fà gbáko ló lò ní ìlú Voronezh, ní Rọ́ṣíà, nígbà ọmọge rẹ̀. Ẹ̀kọ́ oògùn ni ìjọba rán an lọ kọ́, ó sì kọ́ ọ. Èdè ìgboro tó kó mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó rán an níyẹn.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ìwé oníyọnu ni. Orúkọ ìkọ̀wé ni G. Dorogin tí òǹkọ̀wé náà fi sára rẹ̀, ọkùnrin kan tó sá kúrò ní Rọ́ṣíà nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, tó wá ń gbé ní Tbilisi, lẹ́yìn ẹnubodè. Ìtàn ìlú kékeré kan ló kọ, ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn gidi. Bí wọn kò bá sọ èdè ọmọ ìta, wọn a sọ èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, okoshnik ni wọ́n ń pè é, torí okno ni fèrèsé. Ẹni tó bá fi agboòrùn bo orí ara rẹ̀ nìkan nígbà tí òjò ń pa ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n ní ó ń zontit, torí zont ni agboòrùn. Abíọ́nà a kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí páálí pélébé, a kà á sókè, a wá ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, lẹ́yìn náà a bi ara rẹ̀ pé ta ló máa rẹ́rìn-ín sí i, kí sì ni ìdí. Páálí náà ti lé ní igba. Gbogbo rẹ̀ ló ti rí ọgbọ́n dá sí, àfi ẹyọ kan.

Adérìnsọ́lá, olóòtú ilé ìtẹ̀wé kékeré tó gbé iṣẹ́ náà fún un, ti jókòó dè é ní ilé tíì kan láàárín ìlú. Ìjọ kan náà ni òun àti Abíọ́nà ń lọ. Dublin ni wọ́n bí i sí. Yorùbá yòówù kí ẹ sọ sí i ló máa gbọ́, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ará Dublin pọ́ńbélé ló ń bọ́ síta.

"Ẹ káàárọ̀, Auntie," ó wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, Yorùbá rẹ̀ sì parí síbẹ̀. "Right. Page forty. You've put awoof for khalyava. Nobody in Cork knows what awoof is, Auntie."

"Kí ni wọ́n wá ń pe nǹkan ọ̀fẹ́ téèyàn ń sáré sí níbẹ̀?"

"A freebie, I suppose."

"Freebie ò dùn lẹ́nu. Awúfù, ojúkòkòrò ti wà nínú ẹ̀. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń dún?" Abíọ́nà mí kanlẹ̀. "Ó dáa, fi freebie ẹ sí i. Ó kàn ń dùn mí ni."

"And shtukovina?"

"Kiní," Abíọ́nà dáhùn kíá. "Gbé kiní yẹn wá, bá mi ti kiní yẹn. Ohun tórúkọ ẹ̀ ò wá síni lẹ́nu. Àwọn ará ibí náà ní i: yoke."

Adérìnsọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Yoke! Ah, that's only gorgeous. Leave it in. So it's just the one left, then. Arosomi. It's all over the book, and the printer wants everything Friday."

Ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ yọ nínú ìwé ti sọ ọ́ kedere. Olórí ìlú ní òun máa fa omi ẹ̀rọ wá, àwọn ará ìlú wo ara wọn, wọ́n ní: arosomi. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun ń lọ, òun á padà wá fẹ́ ọmọbìnrin kan, ìyá ọmọ náà ní: arosomi. Ìlérí tí kò ní ṣẹ ni. Ṣùgbọ́n Abíọ́nà kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ ìyá tó bí i, ìyá arosomi sì sọnù pátápátá.

"Mo ti wá a dé orí ẹja," ó wí. "Som ni wọ́n ń pe ẹja àrọ̀ lédè Rọ́ṣíà. Mo wá ń wò ó: aro, som. Àrọ̀ ti Yorùbá, àrọ̀ ti Rọ́ṣíà! Mo ní àbí ẹlẹ́ja ni bàbá ọkùnrin yìí? Ọjọ́ méjì ni mo fi lé ẹja kiri, Adérìnsọ́lá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí tíì fi tutù. Ó ti fọwọ́ kan Yorùbá tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà báyìí, ó sì rò pé àwàdà lòun ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Tòún wọ kẹ́mísì wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tòún, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Kánádà ni. Abíọ́nà ń lẹ orúkọ mọ́ ara ike oògùn, ó sì béèrè àlàáfíà ọmọ náà bí a ṣe máa ń béèrè.

"Ó wà dáadáa, a dúpẹ́," ni ìyá náà wí. "It's just that, àárò ẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo fẹ́ lọ gbálẹ̀ yàrá ẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo dé ẹnu ọ̀nà, àárò sọ mí. Mi ò lè wọlé, dókítà mi."

Ike oògùn bọ́ lọ́wọ́ Abíọ́nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ."

"Mo ní àárò sọ mí. Àbí kí ló dé?"

Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ike náà nílẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ ní ẹyọ ẹyọ: a, ro, so, mi. Yorùbá ni. Láti ọjọ́ yìí tó ti ń wá ọ̀rọ̀ náà nínú gbogbo ìwé atúmọ̀ Rọ́ṣíà, ẹnu tirẹ̀ ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni ará Rọ́ṣíà kan ṣoṣo ló wà láyé tó ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, ẹnu òun Abíọ́nà ló sì ti gbọ́ ọ.

Gleb ni orúkọ rẹ̀. Gílẹ́ẹ̀bù ni Abíọ́nà ń pè é nígbà tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì gba orúkọ náà, nígbà tó sì wá gbà á tán, kò yí i padà, torí inú ọkùnrin náà máa ń dùn sí i. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ni wọ́n jọ gbé. Ìwé kíkọ ni Gleb ń kọ́, ọ̀rọ̀ ló sì fẹ́ràn jù lọ láyé, lẹ́yìn Abíọ́nà. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ Yorùbá sí pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà, kò ju àádọ́ta ọ̀rọ̀ lọ. Gbogbo àárọ̀ ni yóò dúró sórí àtẹ̀gùn tí yóò kí i pé "Ẹ káàárọ̀," tí àwọn ọmọ Rọ́ṣíà yòókù á máa wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Ní ọdún 2001, ẹ̀kọ́ parí. Ìyá Abíọ́nà ń ṣàìsàn ní Iléṣà, físà Abíọ́nà sì ti fẹ́ tán. Gleb sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì bi í lórí ìdúró bóyá yóò fẹ́ òun. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sọ ọ́. Abíọ́nà la ẹnu láti dáhùn ní Rọ́ṣíà, ẹkún ló kọ́kọ́ yọ, Yorùbá ló wá tẹ̀ lé e: "Àárò rẹ á sọ mí." Ọkọ̀ fọn fèrè, Abíọ́nà wọ inú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. Ó gbà pé ẹni tó bá rí ojú òun lọ́jọ́ náà kò nílò ògbufọ̀. Gleb ní àdírẹ́sì Iléṣà lọ́wọ́. Abíọ́nà retí lẹ́tà rẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kó tó gbà fún Wándé.

Bó ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́, ó mú ìwé náà lọ sí ẹsẹ̀ òkun Dún Laoghaire, ó jókòó lórí ògiri òkúta, ó sì tún orí kẹsàn-án kà. Ibẹ̀ náà ni ibùdókọ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin kan wà tí kò lórúkọ, tó sọ arosomi fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, tó sì wọ ọkọ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni odindi ìlú ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bú òpùrọ́. Ó dùn ún wọra. Àárò ọkùnrin yìí kò fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, kódà nílé ọkọ rere, ọkùnrin náà wá sọ ọ́ di èébú tí àwọn olórí ìlú àti ọ̀mùtí ń jù sí ara wọn. Ó sunkún níbẹ̀ láìwo ẹni tó ń kọjá.

Kí ìbínú náà tó rọlẹ̀ ló kọ̀wé sí òǹkọ̀wé náà, ìwé ṣókí, ìwé oníṣẹ́ sí oníṣẹ́. Ó ní kó jọ̀wọ́ ṣàlàyé arosomi: èdè wo ni, kí sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? A. Faleye ló fọwọ́ sí i. Gleb kò mọ orúkọ ilé ọkọ rẹ̀.

Èsì dé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe ń múra iṣẹ́.

"Ògbufọ̀ ọ̀wọ́n," ni Gleb kọ, "ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ náà yọ yín lẹ́nu. Kì í ṣe Rọ́ṣíà. Ọmọbìnrin ará Nàìjíríà kan ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo bi í bóyá yóò fẹ́ mi. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ èdè rẹ̀ sí, mo sì délé, mo tú gbólóhùn náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aro, àárọ̀ nìyẹn. Re, tìrẹ. A, yóò. So, sísọ. Mi, èmi. Àárọ̀ rẹ yóò sọ fún mi. Inú mi dùn. Mo ní ó fẹ́ sùn lé e lórí ni, yóò pè mí láàárọ̀ láti Mọ́sko. Fóònù kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Mo jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Mo ń jókòó tì í ní àràárọ̀ títí yìnyín fi bo ìlú. Kò pè. Mo gé gbólóhùn náà kúrú, ìdí nìyẹn tí arosomi fi jẹ́ àárọ̀ tí wọ́n ṣèlérí tí kò mọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ọ̀rọ̀ tó dára fún un, ẹ lò ó. N kò bínú sí i mọ́. Ohun tí mo kàn fẹ́ mọ̀ kí n tó kú ni ìdí tó fi parọ́ fún mi."

Abíọ́nà jókòó sórí àga ìdáná pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

Àmì ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni. Àárọ̀, tó ní àmì lábẹ́, ni ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Àárò, tí kò ní in, ni ohun tó ń ṣe Ìyá Tòún lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀. Bí ohùn ṣe ń lọ sókè lọ sódò nínú ọ̀kan náà ni nínú èkejì, kò sí ohun tó yà wọ́n ju àmì yẹn lọ. Rọ́ṣíà kò sì ní ju O kan lọ. Ta ló kọ́ Gleb ní àárọ̀? Òun náà ni. Kò kọ́ ọ ní àárò rí, torí ta ló ń kọ́ ènìyàn ní àárò nígbà tí wọ́n jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan? Òun wà ní Iléṣà tó ń retí lẹ́tà, Gleb wà ní Voronezh tó ń retí fóònù, àwọn méjèèjì sì ń bínú síra wọn. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, àánú ọmọkùnrin tó jókòó ti fóònù sì ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fóònù tirẹ̀ dún. Adérìnsọ́lá ni, kò tilẹ̀ ráyè kí i.

"Auntie, I have it! I was on the bus and it just came to me. False dawn! A morning that's promised and never comes. False dawn!"

Ọ̀rọ̀ náà bá ìwé mu débi pé inú bí Abíọ́nà. Kò sí ògbufọ̀ tí kò ní jó tó bá rí irú rẹ̀.

"Auntie? Is it not good?"

"Ó dáa. Ó dáa gan-an ni, ọmọ mi. Fún mi di ọ̀la."

Ẹ má rò pé kò wù ú láti dákẹ́. Kó kọ false dawn, kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kó lọ ta oògùn rẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n báyìí, Gleb ní òun kò bínú mọ́, kí ló kù? Ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ mọ̀ kóun tó kú. Bí Abíọ́nà bá dákẹ́, ọkùnrin náà yóò dàgbà, yóò darúgbó, yóò sì wọ sàréè pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé wọ́n parọ́ fún òun lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ sì kọ́. Òtítọ́ tó tóbi jù tó sọ rí láyé rẹ̀ ni.

Ó bọ́ bàtà kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó pe kẹ́mísì pé òun á pẹ́ díẹ̀, ó sì kọ̀wé. "Gílẹ́ẹ̀bù," ló fi bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé àmì ìsàlẹ̀ fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní kì í ṣe àárọ̀, kò sì sí ìlérí kankan nínú rẹ̀. Ó ní ohun tí òun wí ni pé bóun bá dé ibikíbi láyé, àìsí rẹ̀ yóò máa dun òun. Ó ní ó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ kí ojú tó tì í.

Ní ọjọ́ Ẹtì, kó tó jí, èsì ti dé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé Gleb kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. Ìwọ ló pè é. Rọ́ṣíà ní i, Yorùbá ní i, Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn méjèèjì wá ń bá ṣiṣẹ́ ni kò ní i.

"O kò parọ́," ni Gleb kọ. "Mo ti fi ọdún mẹ́tàlélógún bínú sí àmì kan tí n kò rí. Ìyàwó mi bi mí ìdí tí mo fi ń sunkún. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ni mo ṣì túmọ̀. Ó ní ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe. Mo ní ní Rọ́ṣíà, ó ti bọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣì ṣeé ṣe. Jẹ́ kí àwọn ará ìlú máa sọ tiwọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní ibùdókọ̀ nìkan, jọ̀ọ́, jẹ́ kí ọmọbìnrin náà sọ ohun tó sọ."

Ó ka "ìyàwó mi" lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló ti ń retí? Ó mọ ohun tó ń retí, ó sì tijú rẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹnìkejì. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó po tíì, ó sì ṣí orí kẹsàn-án.

"I will miss you" ló kọ́kọ́ kọ, ó sì pa á rẹ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì yìí, èmi ni mò ń ṣe é. Nínú Yorùbá, èmi kọ́, àárò ló ń ṣe mí. Ó kọ mẹ́fà, ó pa mẹ́fà rẹ́. Ìgbà náà ló rántí àwọn arúgbó ará Dublin tó máa ń wá gba oògùn, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ tàbí aya wọn bá ti lọ. Wọn a ní "There's a fierce loneliness on me." Lórí wọn ló wà, bí ẹrù. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn ló ń ṣe é. Ó kọ ọ́ síbi tó yẹ, láìfi orúkọ sí i, torí kò sí orúkọ nínú ti Rọ́ṣíà náà: "There'll be a longing on me for you." Níbi yòókù gbogbo, ó fi false dawn sí i, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Lọ́wọ́ ọ̀sán, láàárín oníbàárà méjì, ojú ìwé náà padà dé sórí fóònù rẹ̀. Adérìnsọ́lá ti fi àwọ̀ pupa kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn ibùdókọ̀.

"This is gorgeous, Auntie. But there's no name on the line. Who's speaking here?"

Abíọ́nà ka ìbéèrè náà. Oníbàárà kejì ti dé iwájú káńtà, ó ń dúró. Abíọ́nà fi ìka kan tẹ èsì náà ní Yorùbá, ó sì rí i dájú pé gbogbo àmì rẹ̀ pé.

"Èmi ni."